Orí, Ẹ̀yìn àti Ọ̀fun Ọmọ Tuntun: Àìsàn Kan Ni, Kì í Ṣe Mẹ́ta

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti sàká. Ẹ̀kọ́ nípa ara ọmọ tuntun ni, pàápàá ìpàkọ́ àti ọrùn rẹ̀. Ike àti kẹ́ẹ̀gì ni mò ń tà lọ́jà, mo sì ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní ọdún 2013 kò jẹ́ kí n dákẹ́, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní agbo ilé tí ó wà lẹ́yìn ilé wa. Lókè ìdí rẹ̀ díẹ̀, ní àárín ẹ̀yìn, kókó rírọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó tó ẹyin adìẹ. Awọ orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń jò lára rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gbẹ̀bí ọmọ náà da páúdà sí i, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ padà wá lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, tí a sọ ọmọ lórúkọ tán, ìyá bàbá rẹ̀ pè mí sí yàrá. Ó ní, "Àáfà, ẹ bá wa ṣe hàntú fún un. Kò rí ọmú mu dáadáa, igbe rẹ̀ kò sì dà bí igbe ọmọ ẹlòmíràn." Mo kọ ọ́ sí wàláà, mo fọ̀ ọ́, mo bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo sì rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu.

Ojú ẹsẹ̀ ni ó há a lọ́fun. Ètè rẹ̀ dúdú. Nígbà tí èémí padà, ó ń dún bí àkùkọ kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń kọ. Ìyá àgbà kígbe pé àwọn ẹni burúkú tí ó wà lára ọmọ ni kò fẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń gbé ní ilé kejì, ni ó sáré wọlé. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì kọjú sí mi: "Àáfà, ọ̀fun ọmọ yìí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má tún fi ohunkóhun sí i lẹ́nu o. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì wo orí rẹ̀ pẹ̀lú." Alẹ́ ọjọ́ náà ni a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá.

Dókítà tí ó gbà á níbẹ̀ fi bírò ya agbárí sórí ìwé fún mi, torí èmi ni mò ń béèrè jù. Ó ní àwa rí nǹkan mẹ́ta: ẹ̀yìn tí ó ṣí, orí tí ó ń tóbi, ọ̀fun tí kò lè gbé nǹkan mì. Òun rí nǹkan kan ṣoṣo. Àlàyé rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ fi ọjà mi ṣe àpèjúwe fún yín.

Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì kan, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ìdí kẹ́ẹ̀gì ti wá di òkè, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ilẹ̀. Agbárí wa rí bẹ́ẹ̀. Ihò ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ibi tí orí ti jókòó lé ọrùn. Ihò yìí ni okùn mùdùnmúdùn gbà láti inú orí bọ́ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Lókè ihò náà gan-an, ní ìhà ìpàkọ́, ni yàrá kékeré kan wà tí ọpọlọ ẹ̀yìn ń gbé. Ọpọlọ ẹ̀yìn pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ọpọlọ kékeré tí ó ń mú kí ọwọ́ wa dúró ṣinṣin nígbà tí a bá ń kọ̀wé, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí a bá ń rìn. Èkejì rí bí igi ọwọ́ olú: òun ni ó gbé ọpọlọ yòókù dúró, inú rẹ̀ sì ni àṣẹ èémí, ti ohùn, ti gbígbé nǹkan mì àti ti lílù ọkàn ti ń wá. Nínú ọmọ tí kò ní àbùkù, gbogbo wọn jókòó sókè ihò náà, àyè sì gbà wọ́n.

Ní ti ọmọ tí mò ń wí yìí, yàrá ìpàkọ́ kéré jù. Ẹrù pọ̀ ju yàrá lọ, nítorí náà apá kan ọpọlọ kékeré àti ìsàlẹ̀ igi náà gba inú ihò yọ sísàlẹ̀, wọ́n sì wọ inú ọrùn. Ihò ọ̀hún fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, nítorí ohun tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Yàrá omi kékeré tí ó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀yìn di tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Nígbà mìíràn igi náà á ká lórí ara rẹ̀ ní ọrùn bí rọ́bà omi tí ẹnìkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn iṣan tí ó ń lọ sí ọ̀fun àti àpótí ohùn wá di ohun tí a ń fà. Ìdí nìyí tí ọmọ fi ń kọ bí àkùkọ: ibi tí ohùn ti ń jáde kò ṣí dáadáa nígbà tí ó bá mí sínú. Hàntú mi kò bá ẹ̀mí kankan jà lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà ọ̀fun tí kò gbọ́ àṣẹ ọpọlọ mọ́ ni mo da omi sí.

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pe èyí ni Chiari irú kejì. Hans Chiari jẹ́ dókítà ní ìlú Prague, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti yẹ òkú wò kí ó lè mọ ohun tí ó pa wọ́n. Ní 1891 ni ó kọ́kọ́ kọ ìwé lórí ọpọlọ ẹ̀yìn tí ó bọ́ sínú ọrùn, ó sì tún kọ òmíràn ní 1896. Ṣáájú rẹ̀, ní 1883, John Cleland ti rí irú rẹ̀ ní Glasgow. Ẹ ò rí i pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, àwa sì ń pè é ní ọmọ iwin ní Sábó Gàrí?

Kí ni ó wá so ìpàkọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn tí ó ṣí ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún? Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ọpọlọ àti okùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé. Etí ewé náà méjèèjì á ká sókè, wọ́n á pàdé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, yóò sì di ọ̀pá oníhò, bí ìgbà tí a bá ká ewé mọ́ ẹ̀kọ. Kí oyún tó pé nǹkan bí ọjọ́ 28 ni iṣẹ́ yìí ti parí. Bí ibì kan kò bá lẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ọmọ. Omi tí ó mọ́ gaara, tí ó yẹ kí ó kún inú ọpọlọ kí ó sì tì í fẹ̀ láti inú, yóò máa gba ojú ihò yẹn jò jáde. Àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, McLone àti Knepper, ni wọ́n ṣe àlàyé yìí ní 1989: omi ń jò, ọpọlọ kò kún, eegun tí ó yí i ká kò sì rí ohun tí yóò tì í fẹ̀. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú fèrè tí ó lu, ẹ ó rí i. Yàrá ìpàkọ́ á kéré, ọpọlọ tí ó ń dàgbà á wá ọ̀nà ibòmíràn gbà.

Ìṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ọmọ inú oyún fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àsọdùn. Àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011 fi àwọn ọmọ tí wọ́n di ẹ̀yìn wọn nínú oyún wé àwọn tí wọ́n di tiwọn lẹ́yìn ìbí. Nígbà tí wọ́n pé ọdún kan, ọpọlọ ẹ̀yìn ṣì wà nínú ọrùn 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dì lẹ́yìn ìbí. Láàárín àwọn tí wọ́n dì nínú oyún, 64 ni. Bí a bá tètè dí ojú ihò, ọpọlọ lè gòkè padà. Irú iṣẹ́ abẹ yẹn ní ewu tirẹ̀ fún ìyá, owó rẹ̀ sì pọ̀. N kò sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè tà ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí omi bá ń jò, tí yàrá sì kéré, kí ló dé tí orí fi ń tóbi? Mo bi dókítà náà bẹ́ẹ̀. Ó ní yàrá ẹ̀yìn ni ó kéré, àwọn yàrá iwájú kò kéré. Ọpọlọ ẹ̀yìn tí ó há sí ẹnu ihò ti dí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí nǹkan bá há sí ẹnu àrọ. Nígbà tí wọ́n bá wá rán ẹ̀yìn, jíjò ibẹ̀ dúró pẹ̀lú, omi á sì máa kún níwájú. Nínú àyẹ̀wò tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, 82 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n dì lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ní láti fi rọ́bà fa omi orí wọn kí wọ́n tó pé ọdún kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá rán ẹ̀yìn ọmọ tán tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ má sọ pé àwọn dókítà ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti iwájú orí yí ìpàkọ́ ká, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Orí ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 33 sí 37 nígbà tí wọ́n bá bí i, ó sì ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 dàgbà lóṣù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ó bá ń sáré ju èyí lọ, tí àwùjẹ̀ wú tí ó sì le, tàbí tí ẹyinjú ń wo ilẹ̀ bí oòrùn tí ó ń wọ̀, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí. Fífi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ kò lè tì omi yẹn padà.

Àwọn ìyàtọ̀ mìíràn wà tí ẹ̀rọ MRI ń fi hàn. Afárá tí ó so ọpọlọ ọ̀tún mọ́ tòsì lè tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kí apá kan má sí. Eegun agbárí ọmọ náà lè fẹ́lẹ́ ní àwọn ojú kan bí ibi tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ lára amọ̀. Èyí máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò gbéra àti ìtọ̀ tí kì í dúró, láti ojú ihò ẹ̀yìn ni ìyẹn ti wá, kì í ṣe láti ìpàkọ́.

Kì í ṣe gbogbo àbùkù ọpọlọ ẹ̀yìn ni ó rí bákan náà o. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Dandy-Walker. Òdì kejì ni. Níbẹ̀, yàrá ìpàkọ́ tóbi jù, àpò omi kún un, àárín ọpọlọ kékeré kò sì dàgbà tán. Ìpàkọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè yọ sẹ́yìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè dán mọ́rán. Chiari irú kìíní fúyẹ́ ju èkejì lọ: ìsàlẹ̀ ọpọlọ kékeré nìkan ni ó yọ díẹ̀, ẹlòmíràn kì í mọ̀ títí yóò fi dàgbà, tí orí á máa fọ́ ọ ní ìpàkọ́ nígbà tí ó bá wúkọ́. Irú kẹta ṣọ̀wọ́n, ó sì le gan-an. Apá ọpọlọ ẹ̀yìn wà nínú kókó tí ó yọ síta ní ìpàkọ́ tàbí lókè ọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀fun, torí ibẹ̀ ni ikú ti ń yára wọlé. Ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, tí igbe rẹ̀ kò lágbára, tí èémí rẹ̀ ń han, tí wàrà ń gba imú rẹ̀ jáde, tí ọrùn rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó padà, ọpọlọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń ké. Ẹ má ṣe rọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa fẹ́ràn láti gbé ọmọ lé orí itan, kí wọ́n dí i nímú, kí wọ́n sì máa da àgbo sí i. Fún ọmọ tí ó le pàápàá, ewu ni. Fún èyí, omi náà yóò kọjá sí ẹ̀dọ̀fóró ni. Ẹ̀yin àáfà ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá pè yín bí wọ́n ti pè mí, ẹ ṣe àdúà, kí ẹ má fi hàntú kan ẹnu rẹ̀. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n lè fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú bọ́ọ títí ọ̀fun yóò fi ṣe é wò. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n ti fi rọ́bà fa omi orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni èémí rẹ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ sí í han, rọ́bà náà ni àwọn dókítà máa ń kọ́kọ́ wò bóyá ó ti dí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó lè ronú àtigé eegun ìpàkọ́ díẹ̀ kí àyè lè gba ọpọlọ.

Kókó ẹ̀yìn ńkọ́? Kí ẹ má da páúdà sí i, kí ẹ má fi ewé, epo tàbí ìgbẹ́ màlúù kàn án. Aṣọ mímọ́ ilé-ìwòsàn tí a fi omi iyọ̀ wọn rin ni wọ́n ń fi bò ó, ọmọ á sì fi ikùn tàbí ẹ̀gbẹ́ sùn. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó dára jù láti dì í, kí kòkòrò àìsàn má bàa gba ibẹ̀ wọ ọpọlọ. Ogójì ọjọ́ kọ́.

A kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́ bí a ti ń rò. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello ní Ṣíkà, wọ́n wà ní Kánò, Sókótó sì ní ibùdó iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún gbogbo ẹkùn. Ọmọ Yorùbá tiwa ni ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà dé Nàìjíríà: Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, tí ó dé UCH Ìbàdàn ní 1962, tí ó sì ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1974. Rọ́bà tí wọ́n ń fi sí i ń gba abẹ́ awọ láti orí lọ sínú ikùn, omi á sì máa ṣàn síbẹ̀. Ní Mbale, ní Uganda, láti 2001, dókítà Benjamin Warf àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ lo ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ẹ̀rọ tín-ín-rín lu ọ̀nà fún omi láàárín ọpọlọ, wọ́n sì jó lára ohun tí ń mú omi náà wá, kí ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ilé-ìwòsàn má bàa gbójú lé rọ́bà tí ó lè dí lóru. Ọ̀nà yìí kò bá gbogbo ọmọ mu. Ẹ bi dókítà yín.

Ní ti ìdènà, mo fẹ́ kí àwọn ọkọ gbọ́ pẹ̀lú. Ẹ rántí pé nǹkan bí ọjọ́ 28 ni ewé yẹn ti ká tán. Obìnrin mìíràn kò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà yẹn. Nítorí náà, fólíìkì ásíìdì tí wọ́n ń fún un nígbà tí ó bá fi oṣù mẹ́rin forúkọ sílẹ̀ dára fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ẹ̀yìn ọmọ. Kí ó tó lóyún ni kí ó ti máa lò ó, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá oyún. Ìyá tí ó ti bí irú ọmọ yìí rí nílò èyí tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ni yóò sì kọ ọ́ fún un. Àyẹ̀wò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣagbátẹrù rẹ̀, tí ó jáde ní 1991, rí i pé míligíráàmù 4 lójúmọ́ dín àtúnbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Amẹ́ríkà ti fi dandan lé pípo fólíìkì mọ́ ìyẹ̀fun láti 1998, àpérò ìlera gbogbo àgbáyé sì rọ gbogbo orílẹ̀-èdè sí i ní 2023. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní in nínú, àmọ́ ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ tí a bọ̀, tí a da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bá omi lọ. Obìnrin tí ó ń lo oògùn wárápá, pàápàá sodium valproate, tàbí tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó rí dókítà kí ó tó lóyún. Kí ó má sì dédé já oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má wí pé àrùn àwọn ẹlòmíràn ni. Ní Jos tí kò jìnnà sí wa, àyẹ̀wò ilé-ìwòsàn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992 rí nǹkan bí ọmọ 7 nínú ẹgbẹ̀rún kan tí ọ̀pá ọpọlọ wọn kò lẹ̀.

Ọmọkùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣì wà, Alhamdulillahi. Wọ́n dí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà sí orí rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ tó mókun. Kò rìn, orí kẹ̀kẹ́ ni ó ń jókòó sí, ilé kéwú mi sì ni ó ń wá. Ó ti há láti Násì títí dé Tabāraka, kò sì sí ọmọ tí ó lè bá a dù ú nínú kíkà láìwòwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọwọ́ kíkọ, lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́ bí ipasẹ̀ adìẹ, ìṣirò sì ń bá a jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mo rò pé ọ̀lẹ ni, pàṣán sì ti wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Dókítà ni ó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí fún púpọ̀ nínú wọn: ọ̀rọ̀ ẹnu á já geere, ọwọ́ àti òǹkà á fà sẹ́yìn, torí ọpọlọ kékeré tí ó yẹ kí ó mú ọwọ́ dúró kò jókòó sí àyè rẹ̀. Mo ti bá a ṣe tábìlì kékeré tí ó dagun, tí wàláà lè fara tì. Mò ń fún un ní ìlọ́po méjì àkókò àwọn yòókù láti fi kọ ọ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó sì ń bá a fọ wàláà.